Kò Sí Akọni Nínú Watchmen: Èsì fún Àwọn Tó Ń Yin Rorschach

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin ará lápapọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ sọ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ìwé ìtàn aláwòrán kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Watchmen. Láti ọdún 1986 tí ó ti kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ni tọmọdé tàgbà ti ń kà á, ọ̀nà méjì sì ni ọ̀pọ̀ ń gbà ṣì í kà. Àwọn àgbà kan yóò ṣí i, wọn yóò rí àwòrán àwọn ènìyàn tí wọ́n wọ aṣọ tó fún mọ́ra, wọn yóò ní eré ọmọdé ni, wọn yóò sì sọ ọ́ nù. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní tiwọn yóò kà á tán pátápátá, ìgbà tí wọn yóò sì fi pa á dé, wọn yóò ti di olólùfẹ́ Rorschach, ọkùnrin tó fi aṣọ funfun onítóótòò dúdú bo ojú, tó ń ṣẹ́ ìka àwọn ènìyàn láti wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Àṣìṣe àkọ́kọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èkejì ni a torí rẹ̀ mú kálámù.

Kí á tètè yanjú tàwọn àgbà. Alan Moore, ọmọ ìlú Northampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà. Dave Gibbons, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀, ni ó ya àwòrán rẹ̀. John Higgins ni ó fi àwọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ DC Comics, àwọn tí wọ́n ni Superman àti Batman, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní apá 12 láàárín ọdún 1986 àti 1987, kí wọ́n tó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìwé kan. Ní ọdún 1988 ó gba ẹ̀bùn Hugo. Ní ọdún 2005 ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ 100 ìwé ìtàn àròsọ tó dára jù lọ tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ láti ọdún 1923. Nítorí náà, kí ẹni tó ń pè é ní eré ọmọdé wá nǹkan mìíràn sọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀. Ní ọdún 1975, nígbà tí Gibbons kò tíì di ẹni tí ayé mọ̀, òun àti Brian Bolland ni wọ́n ń ya ìwé aláwòrán kan tó ń jẹ́ Powerman, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Akọni aláwọ̀ dúdú ni Powerman: ọ̀daràn ń bẹ níwájú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ọwọ́ kan náà tó ya èyí fún àwọn bàbá yín ni ó ya Watchmen lẹ́yìn ọdún 11, níbi tí ìbéèrè ti pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ lọ.

Orúkọ ìwé náà pàápàá, ìbéèrè ni. Juvenal, akéwì ará Róòmù, ni ó béèrè rẹ̀ ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, nípa àwọn ẹ̀ṣọ́ àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ àwọn náà. Nínú ìwé yìí àwọn ènìyàn ń fi ọ̀dà kọ ìbéèrè náà sára ògiri New York, ṣùgbọ́n kò sí ojú ewé kan ṣoṣo tí a ti rí i ní odindi. Ara ẹnì kan á dí i, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ àwòrán gé e kù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Ayé inú ìtàn náà jọ ayé tiwa, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọdún 1985 ni, Richard Nixon ṣì ni ààrẹ, nítorí pé Amẹ́ríkà ti borí nínú ogun Vietnam. Ẹni tó bá wọn borí ni Dókítà Manhattan, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí jàǹbá inú ilé ìwádìí sọ di ẹ̀dá aláwọ̀ búlúù tó lè tú ohunkóhun palẹ̀ kí ó sì tún un tò. Òun nìkan ni ó ní agbára àràmàǹdà. Àwọn yòókù, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, tí wọ́n ń fi ìbòjú bojú, tí wọ́n ń na àwọn ọ̀daràn lóru, títí àwọn ọlọ́pàá fi daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn, tí òfin sì dá wọn lẹ́kun ní ọdún 1977. Nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ti ju ọ̀kan nínú àwọn oníbòjú náà, Edward Blake tí wọ́n ń pè ní Comedian, láti ojú fèrèsé ilé gíga, ó sì kú. Rorschach, tí kò gbà kí òfin kankan dá òun dúró, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó pa á. Ní gbogbo àkókò yìí, Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì ń sún mọ́ ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì. Àwòrán aago kan wà ní òpin apá kọ̀ọ̀kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ń sún mọ́ ago méjìlá òru díẹ̀díẹ̀.

Ta wá ni Rorschach tí ẹ fi ń ṣe àwòkọ́ṣe yìí? Walter Kovacs ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Aṣẹ́wó ni ìyá rẹ̀, ó sì ń lu ọmọ náà ní àlùbami títí ìjọba fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ. Níbẹ̀ ni aṣọ abàmì kan ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, tí dúdú àti funfun inú rẹ̀ ń rìn láìpò pọ̀ láé. Ọmọbìnrin kan ni ó ní kí wọ́n rán an fún òun, tí kò sì wá gbà á mọ́. Ní ọdún 1964, Kovacs ka nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n gún obìnrin kan tó ń jẹ́ Kitty Genovese pa ní New York, àti pé ọ̀pọ̀ aládùúgbò dúró ń wò ó tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé obìnrin yìí ni ó ni aṣọ náà. Ìtìjú jíjẹ́ ọmọ ènìyàn mú un, ó sì fi aṣọ náà rán ojú mìíràn fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbí díẹ̀, nítorí Genovese kì í ṣe ẹ̀dá inú ìtàn. Lóòótọ́ ni wọ́n pa á, ní oṣù kẹta ọdún 1964. Ìwé ìròyìn New York Times ni ó gbé e jáde nígbà náà pé ènìyàn 38 ń wò ó. Gbogbo ayé gbà á gbọ́, wọ́n ń fi kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́, Moore náà sì kọ ọ́ bí ayé ti gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn tú ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní kedere kò tó iye yẹn rárá. Ọkùnrin kan kígbe mọ́ apànìyàn náà láti ojú fèrèsé, ó sì sá lọ fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin aládùúgbò kan sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Genovese, ó sì gbé e mọ́ra nígbà tó ń kú lọ. Ní ọdún 2016 New York Times fúnra rẹ̀ gbà pé àbùkù wà nínú ìròyìn ọjọ́sí. Ẹ wá wò ó: ọkùnrin tó dá gbogbo ọmọ aráyé lẹ́bi, tó ń rìn káàkiri òru láti fìyà jẹ wọ́n, orí ìròyìn tí kò yẹ̀ wò ni ó kọ́ ilé ìkórìíra rẹ̀ lé. Ǹjẹ́ a kò mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láàárín wa, tí yóò ti gbé igi kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀?

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn pé: ó kéré tán, kì í tẹ̀ sọ́tùn-ún, kì í tẹ̀ sósì, dúdú ni dúdú lójú rẹ̀, funfun ni funfun. Irọ́ gbáà ni, inú ìwé náà gan-an ni ẹ̀rí sì wà. Ní ọdún 1940 Comedian fẹ́ fi ipá bá obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn, Sally Jupiter, lòpọ̀. Nígbà tí Laurie, ọmọ obìnrin yìí, dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú Rorschach, ó fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àṣìṣe ẹni tó kú nínú iṣẹ́ orílẹ̀-èdè kì í ṣe ohun tí òun wá gbọ́. Níbo ni dúdú àti funfun lọ? Ó fẹ́ràn Comedian, ó sì dá a láre. Ẹ tún ṣí ìparí apá kẹfà, níbi tí wọ́n ti fi àròkọ tí Kovacs kọ ní ọmọ ọdún 11 hàn wá. Ó yin ààrẹ Truman níbẹ̀ nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì tó jù sí Japan, ó ní ó gba ẹ̀mí àwọn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ là. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà bá a.

Nínú apá kìíní, ó wọ ilé ọtí, ó mú ọkùnrin kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ikú Comedian, ó ṣẹ́ ìka rẹ̀. Kò rí ìdáhùn. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn kan kà sí ìgboyà nìyẹn.

A mọ ibi tí wọ́n máa ń sá pa mọ́ sí tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀. Wọn yóò mẹ́nu ba ọmọbìnrin kékeré tí ọkùnrin burúkú kan jí gbé, tó pa, tó sì fi òkú rẹ̀ bọ́ ajá. Rorschach so apànìyàn náà mọ́lẹ̀ nínú ilé, ó sì dáná sun ún. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ tí inú rẹ̀ kò ru, kò ní ojú àánú. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó tẹ̀ lé e. Nínú ẹ̀wọ̀n, níwájú Malcolm Long oníṣègùn ọpọlọ, ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé alẹ́ ọjọ́ náà ni Kovacs lọ, tó ṣẹ́ ku Rorschach nìkan. Ìwé náà kò pe iná yẹn ní ìṣẹ́gun. Ikú ẹni tó dá a ni ó pè é. Moore tìkára rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé àpẹẹrẹ búburú ni òun fi Rorschach ṣe, àti pé ẹ̀rù máa ń ba òun tí àwọn ènìyàn bá pàdé òun lójú títì tí wọ́n ń sọ fún òun pé àwọn ni Rorschach.

Ẹgbẹ́ kejì wà, àwọn yẹn sì máa ń ka ara wọn sí ọlọ́gbọ́n. Adrian Veidt ni tiwọn, olówó tí ń pe ara rẹ̀ ní Ozymandias. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe Ramesses Kejì, ọba Íjíbítì, ni Ozymandias. Ẹni tó bá sì mọ ìtàn Fir'aona kò nílò kí á ṣàlàyé ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ nípa ẹni tó mú un. Veidt ṣírò rẹ̀ pé ogun átọ́míìkì yóò pa gbogbo ayé. Ó wá dá ẹranko abàmì kan, ó jù ú sí àárín New York, ó pa ìdajì àwọn ará ìlú náà, kí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì lè rò pé ọ̀tá ń bọ̀ láti ojú ọ̀run, kí wọ́n sì bọwọ́ fún ara wọn. Ó ṣẹlẹ̀ bó ti wí. Ogun dáwọ́ dúró. Àwọn ọlọ́gbọ́n wa yóò ní, ṣé ẹ rí i, ìdajì ìlú kan dípò odindi ayé: ìṣirò náà pé.

Ẹ jẹ́ kí á bá wọn ṣe ìṣirò náà. Ta ni Veidt kọ́kọ́ pa? Comedian ni, nítorí pé ó fojú rí ohun tí kò yẹ kó rí. Àwọn ayàwòrán, òǹkọ̀wé àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bá a ṣe ẹranko náà ńkọ́? Ó kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó fi bọ́ǹbù fọ́ ọ. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n bá a gbé nínú yìnyín Antarctica ńkọ́? Ó fún wọn ní ọtí mu, ó ṣí òrùlé, òjò dídì bò wọ́n. Àwọn tó sún mọ́ ọn jù, tí wọ́n fọkàn tán an jù, ni irọ́ náà kọ́kọ́ jẹ. Irú àlàáfíà báyìí kò lè dúró láìpa ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ kan kò sì ní sí tí pípa náà yóò tán. Veidt pàápàá mọ̀. Ní òpin, ó bi Dókítà Manhattan bóyá ohun tí òun ṣe tọ̀nà. Ìdáhùn tó gbà kò fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan, Manhattan sì pòórá kúrò níwájú rẹ̀.

Ibí yìí ni Rorschach ti ṣe ohun kan ṣoṣo tí a kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbòjú yòókù gbà láti pa ẹnu mọ́. Òun kò gbà. Ó ní òun yóò sọ òtítọ́ fún aráyé. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀, omijé wà lójú rẹ̀, Manhattan sì pa á sórí yìnyín. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, a kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àròkọ ọmọ ọdún 11. Ìṣirò Truman ni ìṣirò Veidt: pa díẹ̀, gba púpọ̀ là. Nígbà tí ó jẹ́ Hiroshima àti Nagasaki, Kovacs yìn ín. Nígbà tí ó jẹ́ New York, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Bóyá ọdún tó wà láàárín ló yí i padà, bóyá ìlú tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Moore kò sọ fún wa. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹni tó sọ pé ọkùnrin yìí kì í yẹ̀ kò fara balẹ̀ kàwé.

Ta ni kí á wá máa wò nígbà tí a bá ń kà á? Lójú tèmi, ẹ má wo àwọn tó wọ aṣọ aláràbarà. Ẹ wo oníwèé ìròyìn tó wà ní ìkóríta. Bernard ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lórí ogun àti òṣèlú. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ka ìwé aláwòrán àwọn olè ojú omi láìsan kọ́bọ̀. Nínú ìwé tí ọmọ náà ń kà, ọkùnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ rì ń sáré láti gba ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ dúdú kan. Ó fi òkú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ọkọ̀, ó pa aláìṣẹ̀ lójú ọ̀nà, ó dé ilé, ó sì kọlu ìyàwó ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọkọ̀ dúdú náà kò wá fún ìdílé kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dúró dè. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi Veidt hàn wá tó báyìí, inú ìwé ọ̀fẹ́ ọmọ òpópónà ni wọ́n sì fi í sí. Òǹkọ̀wé ìtàn ọkọ̀ náà wà lára àwọn tí Veidt fi bọ́ǹbù pa.

Ní ọjọ́ tí ẹranko náà dé, oníwèé ìròyìn àti ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé orúkọ kan náà ni àwọn ń jẹ́. Wọ́n dì mọ́ ara wọn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bò wọ́n. Malcolm Long náà kú níbẹ̀, níbi tó ti ń gbìyànjú láti la ìjà àwọn tí kò mọ̀ rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, àwòrán kéékèèké mẹ́sàn-án ni Gibbons sábà máa ń tò sí ojú ewé kan. Nígbà tí apá 12 ṣí, ojú ewé mẹ́fà tẹ̀léra wọn ni ó fi ya òkú, àwòrán kan ṣoṣo lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀nà tí ojú lè gbà sá. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ tí ó tún ń sọ nípa ìṣirò, kí ó padà sẹ́yìn lọ ka orúkọ àwọn tó wà nílẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n ṣi ìwé yìí kà. Zack Snyder fi ṣe fíìmù ní ọdún 2009, ó sì dín ìyára ìjà kù débi pé egungun tó ń ṣẹ́ di ohun ẹ̀ṣọ́. Moore ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú rẹ̀. Àdéhùn tó bá DC ṣe ni pé ẹ̀tọ́ ìwé náà yóò padà sọ́wọ́ òun àti Gibbons bí ilé-iṣẹ́ náà bá dẹ́kun títẹ̀ ẹ́. Wọn kò dẹ́kun títẹ̀ ẹ́ láé. Ní ọdún 2012 wọ́n tún tẹ ọ̀wọ́ ìwé mìíràn nípa ìgbésí ayé àwọn oníbòjú náà ṣáájú, láìka àtakò Moore sí. Ìwé tó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn alágbára ti di ọjà tí alágbára ń tà. Àwọn tó lóye rẹ̀ jù ni àwọn tó ṣe eré tẹlifíṣọ̀n HBO ní ọdún 2019 lábẹ́ Damon Lindelof. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpakúpa àwọn aláwọ̀ dúdú ní Tulsa ní ọdún 1921, wọ́n sì fi ìbòjú Rorschach sójú ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bínú. Ṣé wọ́n rò pé ibòmíràn ni ìbòjú yẹn ń lọ ni?

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù. Ìwé yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Ìfipábánilò wà níbẹ̀, ìhòòhò wà, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀. Kí òbí má ṣe gbé e fún ọmọ kékeré nítorí pé àwòrán wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó láti kà á, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sì fo àwọn ojú ewé ọ̀rọ̀ tó wà ní ìparí àwọn apá rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni àròkọ Kovacs wà, ibẹ̀ náà ni ẹ óò ti rí irú ìwé ìròyìn tí New Frontiersman jẹ́, tí kò tijú láti gbèjà Ku Klux Klan. Ìwé ìròyìn yẹn ni Rorschach ń kà lójoojúmọ́. Òun náà ni ó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí kó tó lọ kú.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn nìyí. Àkọsílẹ̀ náà wà nínú òkìtì ìwé tí wọ́n ti kó dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ́fíìsì New Frontiersman. Àlàáfíà ti dé, kò sí ìròyìn ìkórìíra láti tẹ̀ mọ́, ààyè kan sì ṣófo nínú ìwé ìròyìn ọ̀la. Olóòtú pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kó mú ohunkóhun tó bá wù ú níbẹ̀ láti fi dí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ aṣọ tí àwòrán ojú òyìnbó ayínrín kan tó ń rẹ́rìn-ín wà lára rẹ̀, ọbẹ̀ tòmátì ti kán sí i lórí. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sórí òkìtì náà. Àwòrán mìíràn kò sí lẹ́yìn ìyẹn.